Omi Àdúrà ní Pálọ̀ Lánlọ́ọ̀dù

Láti Kétu ni mo ti wá sí Ọ̀tà, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe Kétu ti Èkó. Ojoojúmọ́ ni mo ń tún ọ̀rọ̀ yìí sọ nígbà náà, nítorí àwọn ará Nàìjíríà gbà pé bí orúkọ ìlú kan bá ti wà lọ́dọ̀ wọn, kò tún yẹ kó wà níbòmíràn. Bí mo bá ṣàlàyé tán, wọ́n á ní, "Ẹ̀hẹn, ará Kútọnú ni yín." Èmi tí mo kàn gba Kútọnú kọjá lẹ́ẹ̀kan, tí mò ń bá wọn sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, èmi ni ará Kútọnú. Obìnrin kan tó ń ta kẹrosíìnì ní Sàngó tilẹ̀ yìn mí pé mo tètè gbọ́ èdè wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baba ńlá mi ti ń fi èdè náà jà, wọ́n sì ti ń fi í parí ìjà, kí ẹnikẹ́ni tó la ọ̀nà Sàngó, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹrosíìnì sì wọ́n.

Iṣẹ́ ìránṣọ ló gbé mi dé ibẹ̀. Lásìkò yẹn, bí ènìyàn bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lófìfo ní Ọ̀tà láàárọ̀, kí ìrọ̀lẹ́ tó lé, wọ́n á ti ri pátákó ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Ìjọ tó bá lówó díẹ̀ á dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, èyí tó bá lówó gan-an á dá yunifásítì sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì nílò ẹ̀wù. Mo ń rán ẹ̀wù akọrin, mo ń rán ẹ̀wù àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń rán ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wọ̀ ya fọ́tò lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n wọlé. Kò sí iṣẹ́ tó rọrùn tó o. Aṣọ ńlá ni, ọgbọ́n inú rẹ̀ kéré, ó sì bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ̀ ọ́ mu.

Yàrá kan ni mo gbà ní Ilo-Awela. Ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé ni lánlọ́ọ̀dù wa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́lé. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà ló kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ ló sì ru omi tí wọ́n fi po búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá, Mùsùlùmí ni ìyá, Mùsùlùmí ni òun náà títí tó fi ríṣẹ́ ọ̀gá sítọ̀ ní yunifásítì ìjọ kan. Ọ̀sẹ̀ tó ríṣẹ́ yẹn gan-an ni Olúwa pè é. Mi ò sọ pé Olúwa kò lè pe ènìyàn lọ́sẹ̀ tí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ sítọ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí pé kò pe ìkankan nínú àwọn tó wá iṣẹ́ náà tí wọn ò rí i.

Kò pẹ́ tó fi di díkìnnì nínú ìjọ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé wa. Láti ìgbà náà ni àwa ayálégbé ti gbọ́dọ̀ máa pè é ní Dádì, kí a máa pe ìyàwó rẹ̀ ní Mọ́mì. Mo lè bí ìyàwó náà. Mo sì ń pè é ní Mọ́mì, mo ń tẹ orúnkún díẹ̀, nítorí àlejò kì í yan ohun tó máa pe onílé. Ìyá lánlọ́ọ̀dù nìkan ni kò pe ẹnikẹ́ni ní Dádì. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá ẹ̀yìn, nítòsí kànga, ni wọ́n fi í sí. Wọ́n ní kí ariwo àdúrà wọn má baà máa dí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi. Ní Kétu, omi ti ṣọ̀wọ́n láti ayébáyé, a sì ti kọ́ bí a ṣe ń bá a gbé. Bí òjò bá ṣú, kò sí ẹni tó ń jókòó: ìkòkò, agbada, garawa, gbogbo ohun tó bá ti ní inú ni a máa gbé sábẹ́ òrùlé. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, òun ni ìyá mi fi ń fọ abọ́, omi abọ́ ni ó sì ń bu sí ìdí ata. Ẹni tó bá da omi nù nínú ilé wa, ìyà tó máa jẹ kéré sí ti ẹni tó jalè.

Ní Ọ̀tà, òjò máa ń rọ̀ láìmọ ìgbà tó máa dá. Ọ̀nà Ilo-Awela á di odò, ọ̀kadà á máa wọ kòtò tòun ti èrò, bàtà á máa há sínú ẹrẹ̀. Gbogbo omi yẹn ń ṣàn kọjá lójú wọn, wọ́n sì ń ṣépè fún un. Bí ọyẹ́ bá wá dé, tí ètè wọn là, tí kànga gbẹ, wọ́n á máa wojú ọ̀run bí ẹni pé wọ́n jí wọn lẹ́rù. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo ní kí lánlọ́ọ̀dù jẹ́ kí a gbé àgbá sábẹ́ òrùlé kí a lè máa gbe omi òjò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá aránṣọ," ó ní, "Ọlọ́run tí mò ń sìn kì í ṣe Ọlọ́run ọ̀wọ́n." Mo ra àgbá tèmi. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń sọ iwájú ilé òun di abúlé, n ló bá di pé mo yí i lọ sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Ìyá Àgbà. Bí èmi àti ìyá náà ṣe di ará nìyẹn. Àwa méjèèjì là ń mu omi àgbá, àwọn tó kù ń mu ìgbàgbọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú ju ti ìgbàkígbà rí lọ, kò sì dá wá. Epo bẹntiróòlù dàwátì. Iná ẹ̀lẹ́tíríkì ti lọ ṣáájú ìgbà náà, kò sì sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ mọ́. Bí kò ti sí epo, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, àwọn tó ní bọ́ọ̀hóòlù ò rí omi fà, àwọn tó ń ṣe piọ́wọ́tà náà ti ilẹ̀kùn. Kẹrosíìnì di ohun tí a ń fi ìgò oògùn wọ̀n. Èmi padà sí àyọ́ọ̀nù eléèédú, mo fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, eruku pupa sì ń bà lé gbogbo ẹ̀wù funfun tí mo bá nà sílẹ̀. Ní Kétu, bí omi bá wọ́n, ojú máa ń tì wá pé a kò pèsè sílẹ̀ dáadáa. Ní Ọ̀tà, àwọn ọ̀tá ilé bàbá ni wọ́n di ẹ̀bi náà rù.

Ìyẹn ló fà á tí pásítọ̀ ìjọ lánlọ́ọ̀dù fi kéde prógíráàmù omi. Ó ní kí gbogbo ọmọ ìjọ kó omi jọ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n máa gbé e wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí òun lè da òróró sí i, kí òun sì gbàdúrà lé e lórí. Bí prógíráàmù náà bá parí, omi yẹn máa ṣílẹ̀kùn, ó máa wo àìsàn, ó máa bá wọn rí físà gbà. Títí di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í sè, kò gbọdọ̀ fi í fọ nǹkan, kò gbọdọ̀ fi í wẹ̀. Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ti kó omi ìlú jọ, wọ́n sì ṣe é ní ohun tí a kò gbọdọ̀ lò. Èmi ò tíì rí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Yunifásítì ní jẹnẹrétọ̀ ńlá, omi wọn kò sì dá. Lánlọ́ọ̀dù ní kọ́kọ́rọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó kó wálé kún pálọ̀ rẹ̀ débi pé wọ́n gbé àga síta, gbogbo wọn aláwọ̀ ìyeyè, gbogbo wọn déédéé ara wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, bọ́ọ̀sì yunifásítì tí epo kò wọ́n fún á wá kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á sì tún kó wọn padà. Bí wọ́n bá ṣe ìsìn àárọ̀ nínú ilé, a máa ń gbọ́ ohùn lánlọ́ọ̀dù pé, "Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù." Ilẹ̀ àgbàlá wa ti sán.

Omi àgbá wa tán láàárín ọyẹ́. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà ti ń ṣe àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀, èyí tí ẹ̀sìn wọn gbà láyè fún ẹni tí kò bá rí omi. Ògiri pálọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń lò, nítorí òun ló súnmọ́ yàrá rẹ̀ jù, eruku ọyẹ́ sì ti bò ó. Á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lu ògiri, á fi pa ojú. Á tún lù ú, á fi pa ọwọ́. Lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an ni àwọn kẹ́ẹ̀gì tò sí. Inú máa ń bí mi débi pé n kì í lè jẹun àárọ̀.

"Ìyá," mo bi í lọ́jọ́ kan, "ṣé kì í ṣe ìgbà tí omi ò bá sí ni wọ́n ní kí ẹ máa ṣe báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi ṣáà wà ńbí."

"Omi tí kò bá sí lọ́wọ́ ẹni, kò sí," ó ní. "Mi ò ní bẹ ọmọ tí mo bí pé kó fún mi lómi. Bó bá wù ú, á fún mi."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju àlùwàlá lọ. Àwọn obìnrin mọ́sálásí rẹ̀ ti fẹnu kò pé òun ni wọ́n máa fi jẹ Ìyá Àdínì, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n sì máa wé láwàní fún un. Ó ti yẹ kí oyè náà kàn án nígbà kan, wọ́n sì fò ó. Ẹnì kan dìde nínú ìpàdé, ó ní obìnrin tí kò lè fi ẹ̀sìn lé ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ́wọ́, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta á. Ní báyìí wọ́n ti padà wá pè é. Kò fẹ́ kí wọ́n rí àléébù mìíràn.

"Ọmọ mi ni wọ́n rí nígbà yẹn," ó ní. "Wọn ò ní rí ìdọ̀tí lára mi. Mi ò ní fi ara tí mi ò wẹ̀ gba oyè Ọlọ́run. Tí mi ò bá wẹ̀, mi ò mọ̀ bí mo ṣe máa wo ojú wọn."

Ẹni tó bá mọ obìnrin náà á mọ̀ pé kò ṣàsọdùn. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ́ tó o. Ìgbà tí omi wà, ó ń wẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ń fi kànìnkànìn ha àtẹ́lẹsẹ̀ títí á fi pọ́n. Láti ìgbà tí omi ti tán, aṣọ tí ó rin díẹ̀ ló fi ń nu ara, ó sì ti dẹ́kun láti máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn. Ó máa ń fà sẹ́yìn bí mo bá wọlé. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní bí òun kò bá ní bẹ̀bẹ̀, èmi máa bẹ̀bẹ̀. Mo lọ bá lánlọ́ọ̀dù níbi tó jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí àga tí àwọn kẹ́ẹ̀gì lé kúrò ní pálọ̀.

"Dádì," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ẹ̀gì kan péré fún Ìyá Àgbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ wé láwàní fún wọn, wọ́n sì fẹ́ wẹ̀."

"Mo gbọ́, inú mi sì dùn sí i fún wọn. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni prógíráàmù máa parí. Bó bá ti parí, kẹ́ẹ̀gì méjì ni màá gbé fún wọn."

"Jímọ̀ ló ṣáájú Sọ́ńdè, Dádì."

"Ìyá aránṣọ, kò lè yé yín. Omi yẹn ti kúrò ní omi lásán. A kì í fi ohun mímọ́ wẹ ìdí."

Ìyá tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti wẹ ìdí tirẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n wẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo wò ó níbi tó jókòó sí, ikùn rẹ̀ níwájú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lára bẹ́líìtì rẹ̀, mo sì kórìíra rẹ̀ gidi. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Dádì," mo padà sẹ́yìn ilé.

Iléeṣẹ́ kan wà nítòsí wa tó ń ṣe abọ́ rọ́bà. Wọ́n fi ẹ̀rọ omi kan sí ẹ̀yìn ọgbà wọn fún àwọn ará àdúgbò, nígbà tí àwọn ará àdúgbò fẹ́ dáná sun wọ́n nítorí èéfín. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni omi ń wá níbẹ̀. Mo pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi tì ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi lọ tò. Oòrùn dé orí mi, ó kúrò lórí mi. Èmi àti àwọn obìnrin mìíràn jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì nínú eruku, a ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí òùngbẹ. Ọmọ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ń pariwo ṣáá pé, "Madam, no push, water go reach everybody." Kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì dá lẹ́yìn ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mi ò wẹ̀yìn wo ojú àwọn tó kù.

Mo ru kẹ́ẹ̀gì náà délé. Ọrùn mi ń ro mí, inú mi sì ń dùn. Ìyá Àgbà kò sí nílé, ó ti lọ bá àwọn obìnrin rẹ̀ sọ bí ọjọ́ kejì ṣe máa rí. Mo gbé omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kó lè kọ́kọ́ rí i bó bá dé. Mo wá sáré kó ẹ̀wù akọrin tí mo ti rán tán lọ fún àwọn tó ni ín ní Sàngó.

Nígbà tí mo padà dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìdí ilẹ̀kùn náà sì ṣófo. Ìyá Àgbà wà nínú yàrá, ó ń ṣa aṣọ, kò mọ̀ pé omi kankan wà níbẹ̀ rí. Mo rò pé wọ́n jí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo olè tó wà láti Ọ̀tà títí dé Itele. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì yunifásítì dé, tí wọ́n ń já kẹ́ẹ̀gì, tí Mọ́mì sì ń kọrin.

Mo bi í bóyá ó rí kẹ́ẹ̀gì kan nídìí ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà.

"Èmi ni mo gbé e," ó ní, ojú rẹ̀ ń dán. "A ti kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ tán, Ẹ̀mí ní kí n tún yẹ ẹ̀yìn ilé wò. Mo wá rí ẹyọ kan níbẹ̀. Mo ní ọ̀tá fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìbùkún nìyẹn. Àṣé tiyín ni? Ẹ dúpẹ́, Ìyá aránṣọ. Tiyín náà ti gba àdúrà, ẹ ò sì fi ẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ti gbé láàárín àwọn ènìyàn wọ̀nyí fún ìgbà díẹ̀, mo sì rò pé mo ti mọ ibi tí ọgbọ́n wọn parí sí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Lánlọ́ọ̀dù kò bá wọn padà, ó dúró fún ìsìn àṣálẹ́, Mọ́mì sì ní òun ò lè fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì kankan láìjẹ́ pé ọkọ òun gbọ́ sí i.

Láàárọ̀ Jímọ̀, kí lánlọ́ọ̀dù tó wọ bàtà ibi iṣẹ́ tán, mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní omi mi.

"Èwo ni tiyín nínú wọn?" ó bèèrè.

Mo yọjú wolé. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè tò láti ògiri dé ògiri. "Èyíkéyìí," mo ní.

"Gbogbo wọn ni wọ́n ti ta òróró sí."

"Èmi ò ní kí wọ́n ta òróró sí tèmi. Èmi ni mo lọ tò fún un. Ti Ìyá Àgbà ni. Ìyá yín."

"Mo mọ̀ pé ìyá mi ni," ó ní, ó sì ń nu ojú. Òógùn ń bọ́ lára rẹ̀ nínú ọyẹ́. "Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti yà sọ́tọ̀, mi ò lè dá a mú. Ẹ jẹ́ kí n pe pásítọ̀."

Ó pe pásítọ̀. Pásítọ̀ ti lọ gbààwẹ̀ nínú igbó kan lọ́nà Igbesa, ó sì ti pa fóònù rẹ̀. Ó tún pè é. Ó tún pè é. Ọkùnrin tó ti bímọ, tí irun rẹ̀ ti ń hewú, dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, ó ń wá ẹni tó máa fún un láyè kó bu omi fún ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ojú sọ fún un pé kó má ṣe ba ìbùkún jẹ́. Èmi náà dúró síbẹ̀. Mo ti pinnu pé mi ò ní kúrò.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Ìyá Àgbà fi yọ láti ẹ̀yìn ilé. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú.

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Ìyá," lánlọ́ọ̀dù wí. "Wọn ò ní pẹ́ gbé fóònù."

"Kò burú," ìyá náà ní.

Mo sáré wọlé lọ gbé omi mímu tó kù sínú kẹ́tù mi. Kò gbà á. Ó ní ẹni tí òùngbẹ lè gbẹ kò gbọdọ̀ fi omi mímu fún ẹlòmíràn láti fi wẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni àfáà kọ́ wọn. Ó wá lọ bá ògiri pálọ̀. Níṣojú ọmọ rẹ̀ ló ti na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó lu ògiri náà, ó fi pa ojú. Ó tún lù ú, ó fi pa ọwọ́ ọ̀tún, ó fi pa ọwọ́ òsì. Kò yára, kò sì falẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù gbé fóònù sétí, ó ń wo ilẹ̀.

Ìyá Àgbà wọ aṣọ funfun tí mo rán fún un. Mo bá a de gèlè. Ọrùn rẹ̀ ní eruku nínú ìlà rẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kò fẹ́ tán. "Fi sílẹ̀," ó ní. Ó tún ní, "Wọ́n á rí i. Kí wọ́n rí i."

Àwọn obìnrin tó máa sìn ín lọ dé kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, nítorí ọ̀kadà kò sí. Ọ̀kan nínú wọn wá láti Itele, àlejò ni, kò dé ilé wa rí. Kò sí ẹni tó bèèrè omi, kò sì sí ẹni tó fi lọ̀ wọ́n. A jáde sójú ọ̀nà Ilo-Awela, wọ́n ń ṣe wákà, ohùn wọn gbẹ, eruku ń rú lẹ́sẹ̀ wa. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn, mo sì tẹ̀ lé wọn. Ìyá Àgbà ló wà láàárín, ó gbé orí sókè, kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni ju bó ṣe yẹ lọ.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí mọ́sálásí tí a fi gbọ́ ohùn lẹ́yìn. Mo wẹ̀yìn. Lánlọ́ọ̀dù ni, ó ń sáré bọ̀, kẹ́ẹ̀gì lórí rẹ̀, bàtà ibi iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi ń ta sí i ní ẹ̀wù. Mi ò rí i kó ru nǹkan rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Ìyá," ó ń ké, "ẹ dúró. Pásítọ̀ ti gbé fóònù. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Wọ́n ní ẹ lè lò ó."

Orin wákà dá. Gbogbo àwọn obìnrin náà dúró, wọ́n ń wò ó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Àgbà nìkan ni kò dúró, kò sì wẹ̀yìn. Èyí tó wá láti Itele sáré bá a, ó dì í lápá.

"Ìyá Àdínì, ta lọkùnrin tó ń sáré tẹ̀ lé wa yìí?"

"Lánlọ́ọ̀dù ilé tí mò ń gbé ni," Ìyá Àgbà wí.

Kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ó sọ kẹ́ẹ̀gì náà kalẹ̀ sínú eruku, kò sì pe ẹnikẹ́ni mọ́.